Etí Kì í Ṣe Fún Gbígbọ́ Nìkan: Ìdí Tí Ọmọ Adití Mìíràn Fi Ń Ṣubú

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí kò gbọ́ràn bá ń ṣubú lemọ́lemọ́, etí rẹ̀ ló yẹ kí òbí kọ́kọ́ wò. Ní Koussountou, Kambolé àti Tchamba, níbi tí ọmọdé ti ń ru omi, tí ó sì ń bá òbí rìn láàárín ebè iṣu, ó rọrùn láti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ tàbí aláìfarabalẹ̀. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ ní ayé ló ń bá a jà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni etí inú ń ṣe. Apá kan, tó ká bí ìkarahun ìgbín, ló ń gba ohùn. Èkejì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló ń ṣọ́ ìdúró ara: ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ bí òrùka, tí omi wà nínú wọn, àti àpò kéékèèké méjì. Bí orí bá yí, omi náà a mì, ọpọlọ a sì mọ ibi tí orí kọ sí. Omi kan náà ló so apá méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, ohun tó bá ba gbígbọ́ jẹ́ lè ba ìdúró jẹ́ pẹ̀lú.

Mẹ́ta ni ohun tó ń mú ènìyàn dúró: ojú, etí inú, àti ìmọ̀lára ẹsẹ̀ òun oríkèé. Bí etí bá kùnà, ojú àti ẹsẹ̀ a gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí ọmọ náà fi lè sáré dáadáa lọ́sàn-án lórí ilẹ̀ líle, ṣùgbọ́n tí yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú òkùnkùn tàbí lórí iyanrìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di mímọ̀. Ní ọdún 1882, William James, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa adití 519 tí wọ́n ní kí wọ́n yí po. Òyì kò kọ́ 186 nínú wọn rárá; bẹ́ẹ̀, nínú ènìyàn 200 tó ń gbọ́ràn ní Harvard, ẹyọ kan péré ni òyì kò kọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ tó ń múra ìrìn-àjò ojú sánmà sílẹ̀ pe adití mọ́kànlá láti Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ìgbì da àwọn onímọ̀ náà láàmú títí wọ́n fi ń bì; àwọn adití ń ta káàdì ní tiwọn. Mẹ́wàá nínú wọn ni àrùn yírùnyírùn ti dí létí láti kékeré. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo adití ni ìdúró ń ni lára. Ohun tó dí wọn létí ló ṣe pàtàkì.

Àrùn yírùnyírùn, tí wọ́n ń pè ní méningite lédè Faransé, kì í ṣe àjèjì ní àríwá àti àárín Tógò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń jà jù. Ìpolongo abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ọdún 2014 dènà irú A rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn irú mìíràn ṣì wà. Ọmọ tó bá yè é, kí wọ́n tètè yẹ gbígbọ́ àti ìdúró rẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ bíi gentamicin àti streptomycin ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣe etí inú léṣe. Kí ẹnikẹ́ni má gún wọn láìsí àṣẹ oníṣègùn.

Àmì rẹ̀ kò fara sin. Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó gbé ọrùn dúró, tàbí tó pé oṣù méjìdínlógún láìrìn, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti dàgbà, kí ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ó sì dijú, kí àgbà dúró tì í láti gbá a mú. Bó bá ń ṣubú bó ti dijú, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Tchamba tàbí Sokodé.

Ìrètí wà, nítorí ìdúró ṣeé kọ́. Kí ọmọ máa rìn lórí ìlà tí a fà sílẹ̀, kí ó máa fi ẹsẹ̀ kan fò, kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù. Kí iná wà lójú ọ̀nà rẹ̀ lálẹ́. Kí ó má sì dá lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, nítorí lábẹ́ omi, ó lè má mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi ọmọ adití sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nígbà eré, kí ó má baà ṣubú, gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Eré náà gan-an ni yóò kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí a ti ń dúró.