Bí Láptọ́ọ̀pù Yín Kò Bá Mọ Wi-Fi Mọ́ Lẹ́yìn Àtúnṣe

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó èlé tàbí ti ìdókòwò bí a ti máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló kan alátà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?" Ó kàn án gan-an ni. Àkọsílẹ̀ owó tí ẹ ń dá lóṣooṣù, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Ẹni tó yá owó, èyí tó ti san àti èyí tó kù, inú rẹ̀ náà ni. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò sì ti ń fi kọ̀ǹpútà tiyín pe ọjà, ẹ ń fi yẹ owó wò ní báńkì, ẹ sì ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ọjọ́ tí kò bá mọ Wi-Fi mọ́, ṣe ni ọjà dúró gbọnrangandan.

Ohun tó ṣojú wa rèé. Ó ku ọ̀la kí a san owó yíyá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá. Akọ̀wé wa tan láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ náà ti ṣe àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní "update" fúnra rẹ̀ lóru, Wi-Fi sì ti pòórá. Bẹ́ẹ̀, aago méjì ọ̀sán ni orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ dé báńkì. Ẹnì kan ń dúró de owó ilé ìwé ọmọ, òmíràn ti bá onírẹsì ṣàdéhùn. A gbé ẹ̀rọ náà tọ alátùn-únṣe kan lọ. Ó ní káàdì Wi-Fi ti jóná, pé ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà ni òun yóò gbà, àti pé òun máa nu gbogbo inú rẹ̀ nù kí òun tó lè ṣe é.

Ìyá akápò wa ló gbà wá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, lánàá ni nǹkan yìí ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Ìgbà wo ló wá jóná?" Wọ́n ní kí a gbé e padà sílé. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó kéré lọ́jọ́ orí ló bá wa tún un ṣe kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, kọ́bọ̀ kò jáde. Ohun tó ṣe la fẹ́ ṣàlàyé fún yín, pẹ̀lú àwọn ohun mìíràn tí a ti kọ́ kún un.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÀTÚNṢE FI Ń BA WI-FI JẸ́?

Windows ni olórí tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ láptọ́ọ̀pù tí a ń lò. Ṣùgbọ́n olórí yìí kò lè bá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ògbufọ̀ ló ń lò. Ògbufọ̀ kan wà fún káàdì Wi-Fi, òmíràn wà fún ohùn, òmíràn fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn ògbufọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní dráífà. Bí àtúnṣe bá dé, olórí lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè tuntun tí ògbufọ̀ àtijọ́ kò gbọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àtúnṣe náà ló gbé ògbufọ̀ mìíràn wá tí kò mọ káàdì yín dáadáa. Káàdì kò kú, olórí kò kú, ọ̀rọ̀ ni kò yé ara wọn.

Ọwọ́ àwọn tó ṣe é gan-an máa ń yọ. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2023, Microsoft, àwọn tó ni Windows, jẹ́wọ́ pé àtúnṣe kan fún Windows 11 kò jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà kan lè wọ Wi-Fi, pàápàá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ní ilé iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn náà ló yí i padà. Nítorí náà, bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀yin lẹ ba nǹkan jẹ́.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN OHUNKÓHUN

Bí iṣẹ́ kánjúkánjú bá wà nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yẹn ná. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ fi okùn tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù so fóònù Android yín mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ẹ tan dátà fóònù, ẹ lọ sí "Settings" lórí fóònù náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Hotspot and tethering" sí, kí ẹ sì tan "USB tethering". Íntánẹ́ẹ̀tì yóò gba inú okùn wọ kọ̀ǹpútà láìlo Wi-Fi rárá. Báyìí la ṣe fi orúkọ àwọn mọ́kànlá ránṣẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, gbogbo wọn ló sì rí owó wọn gbà lọ́jọ́ náà. Okùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tó ń gbé iná nìkan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ da àkọsílẹ̀ owó yín sórí fláàṣì. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹ wá fi fóònù dán Wi-Fi kan náà wò. Bí fóònù kò bá lè lò ó, ẹjọ́ kọ̀ǹpútà kọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé dátà ti tán, tàbí kí ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi fẹ́ ìsinmi. Ẹ pa á, ẹ ka ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un tàn. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ń lò ó dáadáa tí kọ̀ǹpútà kò lè lò ó, ẹ máa bá wa bọ̀.

Ẹ tẹ "Restart". Ẹ jọ̀wọ́, "Restart" la wí o, kì í ṣe "Shut down". Lórí ọ̀pọ̀ Windows òde òní, bí ẹ bá tẹ "Shut down", ẹ̀rọ náà kì í sùn wọra. Ó ń tọ́jú díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe kí ó lè tètè jí. "Restart" ló ń jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọ̀pọ̀ wàhálà ló ń tán síbẹ̀.

IRÚ ÀÌSÀN MẸ́TA

Bí kò bá tíì tán, ẹ wo èyí tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yín nínú mẹ́ta yìí.

Èkínní: Kò rí Wi-Fi kankan, tàbí kí àmì Wi-Fi pòórá pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá "Airplane mode" ló wà ní títàn, kí ẹ pa á. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan ní bọ́tìnì tó ní àwòrán ọkọ̀ òfuurufú tàbí ti ọ̀pá Wi-Fi lára, ọwọ́ lè ti kàn án. Bí kì í bá ṣe èyí, ẹ tẹ àmì "Start" nísàlẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì ọ̀tún, ẹ yan "Device Manager", kí ẹ ṣí "Network adapters". Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "Wi-Fi" tàbí "Wireless" sí lára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ lọ sí "Driver". Bí "Roll Back Driver" bá ṣeé tẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni pé kí ẹ dá ògbufọ̀ àtijọ́ padà. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ tẹ "Uninstall device", ẹ má ṣe fi àmì sínú àpótí kékeré tó bá yọ, kí ẹ sì tẹ "Restart". Bí ẹ̀rọ náà bá ti ń jí, yóò tún káàdì náà rí, yóò sì tún ògbufọ̀ rẹ̀ tò. Èyí gan-an ló wo tiwa sàn.

Èkejì: Ó rí Wi-Fi, ṣùgbọ́n kò lè wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ó rántí nípa Wi-Fi yẹn ti dàrú. Ẹ jẹ́ kí ó gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tún ara wọn mọ̀. Ẹ lọ sí "Settings", lẹ́yìn náà "Network & internet", lẹ́yìn náà "Wi-Fi", kí ẹ ṣí "Manage known networks". Ẹ tẹ "Forget" níwájú orúkọ Wi-Fi yín. Lẹ́yìn náà ẹ tún un yàn, kí ẹ sì tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí lẹ́tà kékeré o.

Ẹ̀kẹta: Ó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣí. Ẹ wo ọjọ́ àti aago tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Bí ọjọ́ bá ti yàtọ̀, àwọn ojú ewé báńkì kì í fẹ́ ṣí. Ẹ tún aago ṣe. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ lọ sí "Settings", "Network & internet", "Advanced network settings", kí ẹ yan "Network reset". Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èyí yóò mú kí ó gbàgbé gbogbo Wi-Fi tó ti mọ̀ rí àti pásíwọ́ọ̀dù wọn. Nítorí náà, ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù yín sínú ìwé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

BÍ GBOGBO RẸ̀ KÒ BÁ ṢIṢẸ́

Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ wá ògbufọ̀ tuntun fún káàdì náà. Ojúlé àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín gan-an ni kí ẹ ti mú un, ìbáà jẹ́ HP, Dell tàbí Lenovo. Orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sábà máa ń wà ní abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá mú un láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, fláàṣì lè gbé e wá. Ẹ má ṣe gbà á níbi tí wọ́n bá ti ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni, pé yóò wo gbogbo àrùn. Olè ló pọ̀ níbẹ̀.

Èkejì ni kí ẹ yọ àtúnṣe náà kúrò. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí "Settings", "Windows Update", "Update history", "Uninstall updates". Ẹ wo èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ìgbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ mu, kí ẹ yọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé odidi Windows tuntun ló gorí ti àtijọ́, ẹ lè padà sí ti àtijọ́ láti "Settings", "System", "Recovery", "Go back". Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn fún èyí, nítorí náà ẹ má fòní dónìí fọ̀la dọ́la.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni a óò tó sọ pé káàdì lè ti kú lóòótọ́. Bí alátùn-únṣe bá wí bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé, "Ṣé o ti wò ó nínú Device Manager?" Bí ó bá sì ní òun máa nu inú rẹ̀ nù, ẹ má ṣe gbà àfi bí àkọsílẹ̀ yín bá ti wà níbòmíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

ṢÉ KÍ A MÁ ṢE ÀTÚNṢE MỌ́ NI?

Ó tì o. Àtúnṣe ló ń dí ihò tí àwọn gbájúẹ̀ lè gbà wọlé wá kó owó yín. Láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ́kítóbà ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10, àyàfi fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Ẹni tó bá ń lò ó fún ọ̀rọ̀ owó, kí ó fura.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ yan àkókò tí àtúnṣe yóò dé. Nínú "Windows Update", "Pause updates" wà tí ẹ lè fi dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ san owó tàbí tí ọjà ńlá ń bọ̀. Bí dátà yín kò bá pọ̀, ẹ tan "Metered connection" lórí Wi-Fi yín, kì yóò máa fa ọ̀pọ̀ àtúnṣe wọlé láìbi yín.

Ní tiwa nínú ẹgbẹ́, a ti pinnu pé lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, a óò da àkọsílẹ̀ owó sórí fláàṣì méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́dọ̀ akápò. Àtúnṣe kankan kì yóò sì wọlé láàárín ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú ọjọ́ owó yíyá. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìsọ̀ yín. Ẹ gé ojú ewé yìí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ ń gbé láptọ́ọ̀pù sí, kí ẹ sì ka á fún ọmọ tó ń bá yín ṣe é. Ẹni tí kò bá yé, kí ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, a óò jọ wò ó.

Ire o. Ajé á máa bá wa gbé.