Nọ́ọ̀sì Tí Ń Tọ́jú Alárùn Ọpọlọ, Ta Ni Yóò Tọ́jú Òun Náà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tọ́jú ẹni tí kò lè mí dáadáa ni ọkàn wa máa ń lọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a kì í sábà dárúkọ, èyíinì ni àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, irú àwọn ti Yábàá ní Èkó àti ti Aró ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ yìí ni èmi náà ń ṣe.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020 ni a kọ́kọ́ rí àrùn náà ní Nàìjíríà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Wọ́n ní kí olúkúlùkù jìnnà sí ẹnì kejì. Báwo ni a ṣe lè jìnnà sí ẹni tí ó fẹ́ fi orí sọ ògiri? Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò dì í mú kí a tó lè fún un lábẹ́rẹ́. Wọ́n tún ní kí a fi ìbòmú bo imú àti ẹnu. Ẹni tí ó ti gbà pé àwọn kan ń lépa òun, bí ó bá rí nọ́ọ̀sì tí ó bo ojú wá bá a, ẹ̀rù rẹ̀ á pọ̀ sí i ni. Ẹ̀rín músẹ́ wà lára oògùn tiwa, ìbòmú sì gbà á lọ́wọ́ wa.

Àwọn ẹbí kò lè wá wo aláìsàn mọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi wá pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ìyá mi ti kọ̀ mí ni?” Èyí wúwo púpọ̀, nítorí nígbà tí Dókítà Lambo dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Aró ní ọdún 1954, ohun tí ó fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé kí aláìsàn wà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sì délé, ẹ̀yìnkùlé ni yóò ti bọ́ṣọ, kí ó wẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ. Àwọn aládùúgbò mìíràn a sì máa yà fún un lọ́nà. Àwọn kan ti ń pè wá ní nọ́ọ̀sì wèrè tẹ́lẹ̀, ó wá di ẹ̀gàn lórí ẹ̀gàn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Àárẹ̀ ọkàn kò gbọ́ ìkéde. Ẹni tí ó mú a máa rẹ̀ ẹ́ láìrí oorun sùn, àyà rẹ̀ a máa já, inú a sì máa bí i sí ohun kékeré. Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àánú aláìsàn kì í ṣe é mọ́. Kì í ṣe ìkà o. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ààlà ni.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, lẹ́yìn tí ẹ bá ti di aláìsàn mú, ẹ má ṣe tú ká láìsọ̀rọ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí olúkúlùkù sọ bí ó ti rí lára rẹ̀. Obì tí a ń jẹ lóru, ẹ fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ohun tí ó lé oorun lọ ní agogo márùn-ún kò ní jẹ́ kí ó wá ní agogo mẹ́sàn-án. Ẹ má fi ọtí wá oorun. Yóò gbé yín sùn, yóò sì tún jí yín. Bí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà, ṣùgbọ́n bí èrò àtipa ara ẹni bá wá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Mo mọ ìtìjú tí ó wà nínú jíjókòó sórí bẹ́ńṣì tí ẹ ti ń pe orúkọ ẹlòmíràn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ti lọ sí ìlú òyìnbó, ẹni tí ó kù ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. “Ẹ kú iṣẹ́” dára, ọjọ́ ìsinmi dára jù ú lọ.

Ẹ̀yin ọkọ àti aya wọn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ní kété tí wọ́n bá wọlé. Ẹ bu omi fún wọn, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹun. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn yóò sọ.