Pípadà Sí Ilé Ẹ̀kọ́ Lẹ́yìn Ìfarapa Orí Níbi Eré Ìdárayá

Ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lè ṣubú kí ó fi orí gbá ilẹ̀, òun àti ẹlòmíràn sì lè forí gbárí. Nígbà púpọ̀, a kì í rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ojú egbò, ọmọ náà kì í sì í dákú. Ó lè dìde, kí ó gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, kí ó sì sọ pé kò sí nǹkan. Síbẹ̀, ọpọlọ tí ó wà nínú agbárí rẹ̀ lè ti mì jìgìjìgì. Ìpalára yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní concussion. Ìmìtìtì ọpọlọ ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí.

Àwọn àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, ìgbàgbé, àárẹ̀, àìlè-fọkàn-sí-nǹkan àti ìbínú òjijì. Ìmọ́lẹ̀ àti ariwo lè máa ni ọmọ náà lára. Àmì mìíràn lè má hàn títí di ọjọ́ kejì.

Bí ọmọ bá ń bì léraléra, bí gìrì bá mú un, bí orí fífọ́ náà bá ń le sí i, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já gaara mọ́, bí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ, tàbí bí ó bá ṣòro láti jí i lójú oorun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà ṣe ní òru.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí ìwé kíkà fi ń le fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ṣẹ́, gbogbo ènìyàn ni yóò rí i, wọn yóò sì bá a gbé àpò ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń fi ojú lásán rí ọpọlọ tí ó fara pa. Olùkọ́ lè rí ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n tí kò lè ka ojú ìwé kan tán. Bí kò bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó lè pè é ní ọ̀lẹ, ó sì lè nà án. Òbí pẹ̀lú lè rò pé ọmọ náà ń sá fún iṣẹ́ ni.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Nígbà kan rí, ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ọmọ dùbúlẹ̀ sínú yàrá tí ó ṣókùnkùn títí gbogbo àmì yóò fi lọ. Ìwádìí ti yí èrò yìí padà. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 11 sí 22. Àwọn tí a ní kí wọ́n sinmi pátápátá fún ọjọ́ 5 ròyìn àmì àìsàn ju àwọn tí wọ́n sinmi fún ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Ní Kánádà, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2023 lórí àwọn ọmọ tí ó lé ní 1,600 fi hàn pé àwọn ọmọ ọdún 8 sí 18 tí wọ́n tètè padà sí kíláàsì, tí ọjọ́ tí wọ́n pa jẹ kò tó 3, kò ní àmì tó àwọn tí wọ́n pẹ́ nílé nígbà tí ó di ọjọ́ 14.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a lé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ fi ọwọ́ sí:

1. Fún ọjọ́ kan sí méjì, kí ọmọ máa ṣe iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ nílé. Kí ó yàgò fún tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún ìṣẹ́jú 5 sí 15, kí ó sì máa fi kún un.
2. Kí ó máa ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ nílé.
3. Kí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, kí a sì fún un ní àyè láti sinmi.
4. Kí ó padà sí kíláàsì láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí.

Bí orí fífọ́ bá le sí i ní ìgbésẹ̀ kan, kí a dín iṣẹ́ náà kù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni yóò ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ wọn pátápátá láàárín ọjọ́ 10.

Pápá ni ó kẹ́yìn

Kíláàsì ni ó ṣáájú, pápá ni ó tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kò tíì lè jókòó ní kíláàsì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni díje lórí pápá. Ó lè tó oṣù kan kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, dókítà ni yóò sì fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2006, ọmọ ọdún 13 kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà fi orí gbá níbi eré bọ́ọ̀lù, a sì dá a padà sórí pápá ní ọjọ́ náà gan-an. Ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀, ó sì di aláìlera fún ọdún púpọ̀. Nítorí rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ní ọdún 2009 pé ọmọ tí a bá fura sí pé ó ní ìmìtìtì ọpọlọ gbọ́dọ̀ kúrò lórí pápá, kò sì gbọdọ̀ padà láìsí ìwé àṣẹ láti ọwọ́ oníṣègùn.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ti òbí

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ni afárá láàárín dókítà, olùkọ́ àti ilé. Òun ni yóò ṣàlàyé àṣẹ dókítà fún olùkọ́, tí yóò máa kọ àmì tí ó ń rí lára ọmọ sílẹ̀, tí yóò sì fún un ní ibi ìdákẹ́jẹ́ láti sinmi.

Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, ẹ̀yin ìyá ni afárá náà. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ó tọ́jú ọmọ, kí ẹ fi lé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ẹ bẹ olùkọ́ kí ó dín iṣẹ́ àṣetiléwá kù, kí ó sún ìdánwò síwájú, kí ó sì mú ọmọ jókòó síbi tí ariwo kò pọ̀ sí. Ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ bí orí rẹ̀ ti rí. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé sísọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ kì í ṣe ojo. Bí ó bá ju oṣù kan lọ tí àmì kò lọ, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ dókítà.