Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Yíyan ẹ̀rọ tó ń po àjákù amọ̀

Ẹ̀rọ ìpo-amọ̀, tí ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ń pè ní pug mill, ni wọ́n fi ń sọ àjákù amọ̀ di ọ̀tun. Abẹ tó ń yí nínú rẹ̀ ló ń po amọ̀, tó sì ń tì í jáde ní gbọọrọ.

Irin tí wọ́n fi ṣe inú rẹ̀ ló yẹ kí olùrà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Irin lásán máa ń dípẹtà, àbàwọ́n rẹ̀ á sì yọ tó-tò-tó lára ìkòkò funfun nígbà tí wọ́n bá sun ún tán. Amọ̀ tútù tó bá pẹ́ nínú alumíníọ̀mù náà máa ń jẹ ẹ́. Sítáìnlẹ́ẹ̀sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo amọ̀ funfun kò gbọdọ̀ ṣahun níbí.

Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú amọ̀ dára gan-an, pàápàá fún iṣẹ́ orí kẹ̀kẹ́ ìmọ̀kòkò. Àwọn kan lè po àjákù gbígbẹ pọ̀ mọ́ omi; àwọn mìíràn kò gbà ju amọ̀ tó ti rọ̀ níwọ̀n.

Fífọ inú ẹ̀rọ kí wọ́n tó pààrọ̀ amọ̀ pupa sí funfun kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí náà, èyí tó rọrùn láti tú ló sàn. Kí ẹnu rẹ̀ ní ìdérí tó ń pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i: abẹ yẹn lè gé ọwọ́.