Nínjà: Amí tí Gbogbo Ayé Dá Mọ̀

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan léèrè lónìí pé irú ènìyàn wo ni nínjà, kò ní pẹ́ rárá kí ó tó dáhùn: ẹni tí ó wọ aṣọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, tí ó fi ìbòjú bo imú àti ẹnu, tí ó gbé idà kọ́ ẹ̀yìn, tí ó sì ń fo orí òrùlé kiri lóru. Inú sinimá, inú ìwé aláwòrán, àti inú eré orí kọ̀ǹpútà ni ọmọ náà ti rí i. Ohun tí ó yẹ kí ó yani lẹ́nu nínú ìdáhùn yìí ni pé iṣẹ́ nínjà gan-an ni kí ẹnikẹ́ni má dá a mọ̀. Amí tí ọmọdé lè tọ́ka sí láàárín ọjà, amí wo ni ìyẹn?

Amí ni wọ́n lóòótọ́. Ní ilẹ̀ Jàpáànù, láti 1467 títí di nǹkan bí 1600, àwọn olórí ogun ń bá ara wọn jà láìsinmi, olúkúlùkù wọn ni ó sì ń wá ẹni tí yóò yọ́ wọ odi ọ̀tá, tí yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, tí yóò dáná sun àká oúnjẹ wọn bí ó bá ṣeé ṣe. Shinobi ni wọ́n sábà ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà náà. “Nínjà” jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà pe àmì ìkọ̀wé kan náà, ìgbà òde òní ni ó sì tó gbilẹ̀ lẹ́nu ènìyàn. Iga àti Koga, ilẹ̀ olókè méjì tí kò jìnnà sí Kyoto, ni òkìkí wọn kàn jù. Àwọn ará Iga kò ní olórí ńlá kan tí ó jọba lé wọn lórí. Àwọn ìdílé onílẹ̀ kéékèèké ni ó ń ṣàkóso, wọ́n ń dáko, wọ́n sì ń ta ìmọ̀ ogun wọn fún ẹni tí ó bá lè sanwó. Ìwé Shōninki, tí a kọ ní 1681, ka ìmúra méje sílẹ̀ tí amí lè fi rin ìrìn-àjò: àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, ajẹ́jẹ̀ẹ́ afunfèrè, olùfọkànsìn orí òkè, oníṣòwò, onídán, òṣèré, àti ènìyàn lásán. Aṣọ dúdú alábòjú kò sí nínú méjèèje.

Ní 1581, Oda Nobunaga kó ogun ńlá wọ Iga, ó sì run ún. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ikú Nobunaga, àwọn ará Iga kan sin Tokugawa Ieyasu kọjá láàárín òkè wọn nígbà tí ó ń sá àsálà. Nígbà tí agbára bọ́ sí Ieyasu lọ́wọ́, ó fi ọ̀pọ̀ ará Iga ṣe ẹ̀ṣọ́ ààfin rẹ̀ ní Edo. Àlàáfíà dé, iṣẹ́ amí dín kù, ìtàn àròsọ sì gba ibẹ̀ wọlé.

Orí ìtàgé jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ó ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Nínú eré Meiboku Sendai Hagi, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Osaka ní 1777, ìkà ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nikki Danjō sọ ara rẹ̀ di eku, ó sì gbé ìwé àṣírí kan sá lọ. Nígbà tí ó padà di ènìyàn, ìwé kíká náà ṣì wà ní eyín rẹ̀. Aṣọ dúdú ńkọ́? Nínú eré kabuki àti eré ọmọláńgidi, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé àga wọlé, láti gba aṣọ lọ́wọ́ òṣèré, tàbí láti mú ọmọláńgidi rìn. Dúdú ni wọ́n ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, òǹwòran sì ti bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn pé òun kò rí wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ibẹ̀ ni a ti yá aṣọ náà fún amí: bí a bá wọ ènìyàn ní dúdú lórí ìtàgé, a ti sọ fún òǹwòran pé ojú kò tó o. Nígbà tí Hokusai tẹ ọ̀kan nínú àwọn ìwé àwòrán rẹ̀ jáde ní 1817, ọkùnrin aláṣọ dúdú kan wà níbẹ̀ tí ó ń gun okùn. Bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, aṣọ iṣẹ́ amí kọ́ ni aṣọ dúdú. Èdè orí ìtàgé ni.

Ìwé náà kò gbẹ́yìn. Ìtàn Jiraiya, ọlọ́ṣà tí ó ní agbára ọ̀pọ̀lọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìpín-ìpín ní 1839, kò sì dáwọ́ dúró títí di 1868. Ní àwọn ọdún 1910, ìwé pẹlẹbẹ Tachikawa ti ìlú Osaka di ààyò àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ọmọ iṣẹ́, inú wọn ni òkìkí Sarutobi Sasuke sì ti kàn. Ohun tí Sasuke ń ṣe kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ ìtàn ọdẹ Yorùbá: àféèrí ni, egbé sì ni. Sinimá wá fi han ojú. Ní 1921, Makino Shōzō ṣe sinimá Jiraiya, Onoe Matsunosuke ni ó sì kó ipa akọni náà. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: wọn a dá ẹ̀rọ dúró, òṣèré a bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn a gbé ọ̀pọ̀lọ́ ràbàtà sí ipò rẹ̀, ẹ̀rọ a tún máa ṣiṣẹ́ lọ. Lójú òǹwòran, ènìyàn ti di ọ̀pọ̀lọ́.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo idán wọ̀nyí, ohun kan sọnù, èyíinì ni pé amí jẹ́ ẹni tí a rán. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Shirato Sanpei rántí èyí nígbà tí ó ya ìwé aláwòrán Ninja Bugeichō láàárín 1959 àti 1962; nínú rẹ̀, nínjà wà láàárín àwọn àgbẹ̀ tí ó dìtẹ̀ sí àwọn olúwa wọn, ikú sì ń pa wọ́n bí ó ti ń pa àgbẹ̀. Ní 1962 kan náà ni Yamamoto Satsuo ṣe sinimá Shinobi no Mono. Goemon, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Iga, bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, Momochi Sandayū, àgbà ẹlẹ́tàn tí òun nìkan ń fi ojú méjì ṣe olórí agbo nínjà méjì tí ń bá ara wọn díje. Ọ̀gá yìí ká ẹ̀ṣẹ̀ kan mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fi í dè é pé àfi kí ó lọ pa Nobunaga. Goemon gun àjà, ó ta òwú sílẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ẹni tí ó sùn, ó sì ń kán májèlé sára òwú náà díẹ̀díẹ̀. Kò sí oògùn níbẹ̀. Òógùn ni ó wà níbẹ̀, àti ìbẹ̀rù.

Òwú àti májèlé yìí tún wà nínú sinimá James Bond ti 1967, You Only Live Twice. Ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ amí tí ó kán an, a kò mọ ilé rẹ̀. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, ìbọn sì pa á. Láti ìgbà náà ni Amẹ́ríkà ti sọ nínjà di ọjà títà. Enter the Ninja jáde ní 1981. Ní 1984, Kevin Eastman àti Peter Laird fi àwàdà ya ìjàpá mẹ́rin tí ń gbé inú ihò omi ìdọ̀tí abẹ́ ìlú New York, tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ nínjà. (Ìjàpá ti ìtàn Yorùbá ìbá ti dá ẹlòmíràn síjà, kí òun sì lọ jẹun.) Nínú eré orí kọ̀ǹpútà Mortal Kombat ti 1992, Scorpion aláṣọ ìyeyè àti Sub-Zero aláṣọ búlúù jẹ́ ọ̀tá ara wọn, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kan náà ni a ya àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ kan náà. Àyè inú ẹ̀rọ kò tó, nítorí náà wọ́n fi kọ̀ǹpútà pa aṣọ náà láró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbòjú ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe.

Ìwé Naruto, tí Kishimoto Masashi yà láti 1999 sí 2014, tí ó sì di apá 72, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi mọ nínjà lónìí. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni Naruto ń wọ̀, ariwo rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Jiraiya, Tsunade àti Orochimaru inú rẹ̀ gba orúkọ wọn láti inú ìtàn ọlọ́ṣà ọ̀pọ̀lọ́ ìjelòó. Idán kún inú rẹ̀ bámúbámú, síbẹ̀ kò gbàgbé ẹni tí a rán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Haku, ọmọ aláìlóbìí tí nínjà kan tí ń jẹ́ Zabuza gbà tọ́, pe ara rẹ̀ ní irinṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí ọ̀tá fẹ́ pa ọ̀gá, ọmọ náà fi àyà rẹ̀ gba ikú náà. Naruto bá ọ̀gá wí lójú òkú ọmọ, ọ̀gá sì sunkún.

Ní 2017, Yunifásítì Mie, ní ẹkùn tí Iga wà, dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ nínjà, níbi tí a ti ń ka àwọn ìwé àtijọ́ náà ní àkàtúnkà. Ní ìlú Iga fúnra rẹ̀, aṣọ nínjà alábòjú ni wọ́n ń yá àwọn àlejò wọ̀.