OPG: Ẹ́síréè Gbogbo Eyín àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ẹ́síréè tó ń ya gbogbo eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ sínú àwòrán kan ṣoṣo ni àwọn dókítà eyín ń pè ní OPG. Wọn kì í ki fíìmù bọ aláìsàn lẹ́nu. Ẹ̀rọ ló ń yí orí rẹ̀ po, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì, kò sì sábà ju ogún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Yàtọ̀ sí eyín tó ti hù, àwòrán náà ń fi eyín tó ṣì wà nínú egungun hàn, àti egungun àgbọ̀n títí dé oríkèé tó wà nítòsí etí.

Ìgbà tí ìṣòro bá gbòòrò ju eyín kan lọ ni OPG wúlò jù. Ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, bí ọdún 17 sí 25, ni eyín tó ń kẹ́yìn hù máa ń yọ. Bí àyè ò bá gba eyín náà, tó wá dùbúlẹ̀ sínú egungun, OPG ni yóò fi bó ṣe dùbúlẹ̀ hàn. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà, tí eyín òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò pàdé mọ́, nílò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí egungun àgbọ̀n sábà máa ń kán síbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó yẹ ká fiyè sí jù ni wíwú tí kì í dunni. Ameloblastoma wà lára kókó inú egungun àgbọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ egungun lọ. Torí pé kò dunni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àgbo tọ́jú rẹ̀ nílé títí ojú yóò fi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú OPG, ó lè hàn bí ìfófòó ọṣẹ tó dúdú nínú egungun. Bí wọ́n bá tètè rí i, egungun tí wọn yóò gé máa ń kéré.

Síbẹ̀, OPG kò lè dárúkọ kókó náà. Àfi kí wọ́n bu díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ihò kékeré tí kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ láàárín eyín méjì máa ń bọ́ mọ́ ọn lójú, nítorí eyín ẹ̀gbẹ́ máa ń gun ara wọn nínú àwòrán. Fíìmù kékeré inú ẹnu ló mọ ìyẹn. Òjìji egungun ọrùn máa ń bo eyín iwájú. Àwòrán náà tún ń mú nǹkan tóbi ju bó ṣe rí lọ, kò sì lè sọ bóyá iṣan ìmọ̀lára inú egungun àgbọ̀n wà níwájú gbòǹgbò eyín tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Yẹtí tí a kò bọ́ yóò tún yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì àwòrán náà, lókè díẹ̀, bí ẹni pé àìsàn ni. Nítorí náà, yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, píìnì irun àti eyín àtọwọ́dá gbọ́dọ̀ kúrò. Kí ahọ́n lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, kí orí má sì mì. Bí ahọ́n bá já sílẹ̀, dúdú yóò bo gbòǹgbò eyín òkè.

Ìtànṣán rẹ̀ kéré: kò sábà ju ohun tí ara ń gbà láti ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ní ọjọ́ mélòó kan lọ. Aláboyún gbọ́dọ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ kó tó ya á.

Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ yìí. Kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí etí omi Ogun Waterside tó náwó ọkọ̀ lọ síbi tí ẹ̀rọ náà wà, kí dókítà eyín kọ́kọ́ yẹ ẹnu rẹ̀ wò, kó sì kọ ohun tó ń wá sínú ìwé. Kí aláìsàn tọ́jú àwòrán àtijọ́, kó sì mú un dání. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ń wú láìdun ún, kó má dúró de ìrora.