Àwọn olùtọ́jú sáfà: ṣé SSD ló kú ni, àbí wáyà ló tú?

L'Abẹ́òkúta lónìí, láti Ìjẹmọ̀ títí dé Òkè-Ìlewó, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní sáfà kan ní kọ̀rọ̀ kò lóǹkà mọ́. Ẹni tó ń tọ́jú sáfà náà kì í sábà ní oyè kankan níbi iṣẹ́. "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà" ni tàgbà tèwe ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí SSD, ibi tí sáfà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, bá pòórá lójú ẹ̀rọ, tí akápò ò rí àkọsílẹ̀ owó mọ́. Ohun tó sì sábà máa ń sọ lọ́jọ́ náà ni pé, "SSD ti kú, ẹ jẹ́ ká ra tuntun."

Gbólóhùn yìí ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí.

Àwọn tó ní ká kọ́kọ́ pààrọ̀ ní àwíjàre. Háàdì díìsìkì àtijọ́ máa ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ kó tó kú, ṣùgbọ́n SSD kò ní ohun tó ń yí nínú; ó lè dákẹ́ lójijì. Aláìsàn tó dúró níwájú akápò kò sì fẹ́ gbọ́ pé ẹnìkan ṣì ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Àwíjàre yìí dùn létí, àgàgà létí ẹni tó ń ta SSD ní Pánṣẹ́kẹ́.

Àwọn kejì ní ọ̀nà tí SSD ń gbà bá sáfà sọ̀rọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí, ẹ̀rí wọn sì wà lójú ẹ̀rọ. Bí wáyà SATA tó so SSD mọ́ sáfà bá ti ń ṣe ségesège, Linux á máa kọ "hard resetting link" sílẹ̀ léraléra. Nígbà míì, eré ìsopọ̀ á já wálẹ̀ láti 6 Gbps sí 3, tàbí 1.5 pàápàá. Ẹni tó bá fi irinṣẹ́ smartctl wo SSD lè rí ìlà 199, tó ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Iye yìí kì í padà sí òdo. Nítorí náà, ńṣe ni wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ wáyà, wọ́n á sì padà wá wò ó lẹ́yìn tí sáfà bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí kò bá lé sí i, wáyà ló jẹ̀bi.

Bó bá ṣì rú wọn lójú, wọ́n á gbé SSD náà sí ojú ihò mìíràn. Bí àṣìṣe bá tẹ̀ lé e lọ, òun gan-an ló ń ṣàìsàn. Bó bá dúró sí ihò àkọ́kọ́, tuntun tí wọ́n bá rà á tún ṣubú síbẹ̀. Àmọ́ òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Nínú RAID 5 (àwọn díìsìkì tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan) tí díìsìkì kan ti jáde, ẹni tó bá tún fa òmíràn yọ ti pa gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Bí NEPA bá mú un lọ tí bátìrì UPS sì ti gbó, SSD SATA tó ń jẹ 5 fóòtì lè pòórá, kó tún yọjú bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n sì tàn án. Ọ̀pọ̀ SSD tí wọ́n ṣe fún sáfà ní kapasítọ̀ tó ń jẹ́ kó parí ohun tó ń kọ bí iná bá lọ. Ti láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní i. Ẹni tó ki ti láptọ́ọ̀pù bọ inú sáfà nítorí owó pọ́ọ́kú, kó má di gbogbo ẹ̀bi ru NEPA.

Ìgbà kan wà tí ìmọ̀ràn ìhà méjèèjì ò lè gba èèyàn. Ní November 2019, iléeṣẹ́ HPE tó ń ṣe sáfà kìlọ̀ pé àwọn SSD SAS wọn kan á kú tí wọ́n bá ti lo wákàtí 32,768, ìyẹn ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, àfi bí wọ́n bá fi firmware tuntun (ètò tó ń darí SSD) sí wọn. Àwọn tí wọ́n jọ kó sínú RAID lọ́jọ́ kan náà lè jọ kú pọ̀. Kò sí wáyà tó lè tún ìyẹn ṣe, tuntun tí wọ́n bá rà kò sì ní kó àkọsílẹ̀ padà wá. Ẹ̀dà tó wà níbòmíràn nìkan ló lè ṣe é.

Ká sòótọ́, olùtọ́jú sáfà nìkan kọ́ ló lẹ̀bi. Ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí owó SSD tuntun láìjanpata, tó sì ń rojú láti sanwó fún ẹni tó fi wákàtí mẹ́ta rí wáyà tó tú, òun ló ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n pé rírà ló lérè. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó fọwọ́ sí òmíràn, ẹ ní kí olùtọ́jú sáfà yín fi ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ hàn yín. Ẹ bi í ibi tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà. Kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ àyẹ̀wò fún un.